Híítà Inú Ilé Wa: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe La Ò Ṣe

  

Nínú ìwé àjọ̀dún bí èyí, a máa ń kọ nípa oríkì, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, oyè jíjẹ àti ìwà ọmọlúàbí. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́dún yìí kò ní oríkì, kò sì ní orin. Ọ̀rọ̀ wọ́tà híítà ni, àgbá funfun tó rọ̀ mọ́ ògiri balùwẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín pé kí ni híítà ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́, kó ní sùúrù kó kà á dópin ná. Ohun tó ń bá ọmọ ẹni gbélé, tó ní iná nínú, tó ní omi nínú, tó sì wà lókè orí ẹni nígbà tí ẹni wà níhòòhò, kì í ṣe ohun àwàdà.

NÍ JOS, HÍÍTÀ KÌ Í ṢE FÀÁJÌ

Àwọn ìbátan wa ní Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìbàdàn lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ní híítà ń fi ṣe fàájì ni. Jos yàtọ̀. Ìlú yìí ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Bí ọyẹ́ bá dé láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òtútù òwúrọ̀ lè sún mọ́ 10°C. Àwọn bàbá wa tó tẹ̀ lé ojú irin wá síbí láti 1914, tí wọ́n wá ṣòwò, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, igi ni wọ́n fi ń sun omi. Ìyá ilé á ti jí koná kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ lè rí omi wẹ̀ lọ sílé ìwé. Lónìí, ipò ààrò yẹn ni híítà bọ́ sí. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ń lò ó, arúgbó tí oríkèé ń dùn ń lò ó, ọmọ tó ní ikọ́ fée ń lò ó.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ara gbogbo ilé kì í balẹ̀. Ìkánjú yẹn ló sì ń kó wa sí wàhálà. Bàbá ilé á wá àga gùn, á mú tésítà lọ́wọ́ kan, á mú súpánà lọ́wọ́ kejì, á ní kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí òun kò lè tún ṣe. Ẹ̀yìn wákàtí mẹ́ta, híítà kò gbóná, ilẹ̀ balùwẹ̀ kún fún omi, nọ́ọ̀tì méjì ti ṣẹ́ kù tí kò mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Iṣẹ́ ìtọ́jú híítà tó yẹ kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a kì í ṣe é. Iṣẹ́ tí kò yẹ kí onílé fọwọ́ kàn, òun gan-an la ń tú palẹ̀. A ti dorí ọ̀rọ̀ kodò, ọmọ wa ló sì lè fara gbá a.

FÁÀFÙ TÓ Ń KÁN

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wọ́pọ̀ jù. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ híítà, níbi tí páìpù omi tútù ti ń wọlé, fáàfù kékeré kan wà tó ní apá péńpé tí a lè gbé sókè. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Kì í jẹ́ kí omi gbígbóná padà sẹ́yìn sínú páìpù omi tútù, ó sì máa ń ṣí ara rẹ̀ bí agbára inú àgbá bá pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe kó ṣí ní nǹkan bí 8 bar.

Omi tó bá ń gbóná a máa wú. Lítà 50 omi tó kúrò ní 20°C tó dé 60°C yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan wú sí i. Àgbá irin kò lè wú bẹ́ẹ̀. Omi tó lé yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà, ẹnu fáàfù yìí ló sì ń gbà jáde ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, fáàfù tó ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí híítà ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Kí ni àwa ń ṣe? A ó ní, "Híítà yìí ti ń jò o." Ẹnì kan á fi rọ́bà de apá fáàfù mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á gé igi ṣóńṣó, á kì í bọ ẹnu rẹ̀. Púlọ́ńbà mìíràn tilẹ̀ wà, ńṣe ló máa yọ fáàfù náà dànù, á fi pọ́lọ́ọ̀gì dí ojú ihò, á gba owó iṣẹ́, onílé á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ balùwẹ̀ ti gbẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń dí imú ẹni tó ń mí, tó ní òun ń wo ikọ́ rẹ̀ sàn?

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi léwu. Omi inú ìkòkò tí a kò dé máa ń hó ní Jos ní nǹkan bí 96°C, nítorí gíga ìlú wa. Omi inú àgbá tí a dí pa kì í hó níbẹ̀. Bí ohun tó ń dá iná dúró bá kọṣẹ́, omi yẹn á máa gbóná lọ kọjá 100°C láì hó, agbára á sì máa kún inú àgbá. Lítà omi kan tó bá di ooru pátápátá ń fẹ́ àyè tó lé ní lítà 1,600. Ọjọ́ tí àgbá bá là, díẹ̀ nínú omi náà ni yóò di ooru lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn tó láti wó ògiri. Fáàfù péńpé yẹn ló dúró láàárín ilé wa àti irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Òun la wá ń fi rọ́bà dè.

"Ẹ ṢE É NÍ DÁÍRẸ́Ẹ̀TÌ"

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ thermostat. Òun ni ohun tó ń wo bí omi ṣe gbóná tó, tó ń pa iná nígbà tó bá tó, tó sì ń tan án padà. Nínú ọ̀pọ̀ híítà, ẹ̀ṣọ́ kejì tún wà pẹ̀lú rẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan tó máa ń ta jáde láti já iná bí èkíní bá kọṣẹ́. Bọ́tìnnì yẹn kì í ta lásán. Ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ohun kan ti bàjẹ́ níbí." Àwa á tẹ̀ ẹ́ padà. Á tún ta. A ó tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá di ìgbà kẹrin, ẹnì kan á ní, "Ẹ ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì." Wọ́n á yọ thermostat kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n á so wáyà méjèèjì pọ̀ mọ́ irin tó ń gbóná nínú àgbá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní èlímẹ́ǹtì.

Omi á gbóná lóòótọ́. Á gbóná ju bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ lọ, kò sì ní sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó tó. Bí onílé bá gbàgbé súìṣì, tó lọ sí ọjà, tàbí tí iná dé lóru nígbà tí gbogbo ilé sùn, kí ni yóò dá a dúró? Ẹ wá fi dáírẹ́ẹ̀tì kún fáàfù tí a ti dí. Ohun tó kù lórí ògiri yẹn kì í ṣe híítà mọ́.

Kí àgbá má tilẹ̀ là, omi nìkan tó láti ṣeni léṣe. Omi tó gbóná dé 60°C lè bó awọ ara àgbàlagbà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó jó. Ní 70°C, ìṣẹ́jú-àáyá kan tó.

WÁYÀ ALÁWỌ̀ EWÉ

Ìkẹta ni wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, èyí tó ń lọ sínú ilẹ̀, tí a ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ tú ìdí híítà mẹ́wàá ní àdúgbò wa, ẹ ó rí èyí tí wọ́n gé wáyà yìí kúrú tí wọ́n ká a sẹ́yìn. Wọ́n á ní, "Kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, híítà ń ṣiṣẹ́ láìsí i." Òótọ́ ni, híítà á ṣiṣẹ́. Lọ́ọ̀yà náà kì í ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹjọ́ kò tíì bá. Ọjọ́ tí èlímẹ́ǹtì bá là, tí iná bá bọ́ sínú omi àti sára àgbá, ojú ọ̀nà tí iná yẹn yóò gbà wọ ilẹ̀ ni wáyà yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tó di ẹnu ẹ̀rọ omi mú lọ́wọ́ tútù ni iná yóò gbà kọjá.

Bíréékà kan tún wà tó ń já iná fúnra rẹ̀ ní kíá nígbà tí iná bá sá gba ibi tí kò yẹ. Èyí tí wọ́n ń lò láti dáàbò bo ènìyàn máa ń já bí ohun tó sá bá ti tó 30 milliamp. Ilé mélòó ló ní in nínú wa? A rí owó ra tẹlifíṣọ̀n aláfẹ̀ẹ̀rí tó gba gbogbo ògiri pálọ̀, a ò rí ti bíréékà.

Kí n tó kúrò níbí, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ bọ́ílìn rìǹgì, irin ká-ká-ká tí a ń sọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò ní thermostat, kò ní fáàfù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn, kó yọ ọ́ lára iná kó tó fọwọ́ kan omi tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má sì fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń rìn. Ẹ má fi ìka wò bóyá omi ti gbóná.

ÀÌSÀN TÍ KÒ ṢE HÍÍTÀ

Ohun tó tún dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ híítà tí a ń tú, kò sí ohun tó ṣe é. Iná wa kì í dé pé nígbà gbogbo. Híítà tí wọ́n ṣe fún 230 folti, bí iná tó ń wọlé bá jẹ́ 160 folti, agbára tó rí lò kò tó ìdajì. Híítà lítà 50 tó ní agbára 1,500 watt máa ń gba nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ láti gbé omi láti 20°C dé 60°C nígbà tí iná bá pé. Bí iná bá kúrú bẹ́ẹ̀, á gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì tí omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó ní híítà ti kú. A ó tú u. Ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ á sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Omi tán nínú tánkì orí òpó, bọ́hò kò ṣiṣẹ́ nítorí iná kò sí. Púlọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú híítà fọ̀, àgbá ṣófo. Iná dé, ẹnì kan sáré tẹ súìṣì. Èlímẹ́ǹtì tí kò sí omi yí ká máa ń jó láàárín ìgbà díẹ̀. A ó wá ra òmíràn, a ó jó o bákan náà, a ó sì máa bú àwọn tó ṣe é pé ayédèrú ni. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, èyí kọ́ ló pa tiwa.

IṢẸ́ TÓ KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ṣé mo ń sọ pé kí onílé káwọ́ gbera? Rárá o. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Iṣẹ́ márùn-ún wà tí kò gba ṣíṣí ìdérí, tí kò gba fífọwọ́ kan wáyà, tí gbogbo bàbá, ìyá àti ọ̀dọ́ tó ti bàlágà lè ṣe.

Èkíní, kí a tó tan híítà, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná wò. Bí omi bá ń dà dáadáa, ẹ tan án. Bí kò bá dà, ẹ má tan án.

Èkejì, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ fáàfù, kí ẹ gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ ṣọ́ra nítorí omi náà lè gbóná. Omi gbọ́dọ̀ dà, kó sì dúró nígbà tí ẹ bá dá apá rẹ̀ padà. Bí kò bá dà rárá, tàbí tó bá kọ̀ tí kò dúró, fáàfù ti kú. Ẹ pè púlọ́ńbà kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dí i.

Ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ jẹ́ kí omi inú àgbá dà jáde. Omi kànga àti ti bọ́hò máa ń kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ wọlé, èyí á jókòó sí ìsàlẹ̀, á bo èlímẹ́ǹtì, iná á máa gbóná sínú ẹrẹ̀. Ẹ pa iná níbi bíréékà, kì í ṣe níbi súìṣì nìkan. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tutù. Ẹ ti omi tó ń wọlé, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná, kí ẹ gbé apá fáàfù sókè kó máa dà. Bí ó bá tán, ẹ jẹ́ kí omi tuntun wọlé títí tí yóò fi máa dà geere lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹ tó dá iná padà.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ní bíréékà tó ń dáàbò bo ènìyàn, bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Ó gbọ́dọ̀ já. Èyí tí kò já kò wúlò fún yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ́ gbogbo ilé pé omi tútù ló ń kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi gbígbóná tó tẹ̀ lé e. Ẹ má sì tìtorí owó iná fi thermostat sí 40°C. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C ló ń bí sí. 60°C ló dára fún inú àgbá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ká ti fi omi tútù là á.

Ohun tó bá ju márùn-ún yìí lọ, oníṣẹ́ ló ni ín, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ọyẹ́ tó dé. Kó yẹ wáyà àti ẹ́ẹ̀tì wò. Kó yẹ wọ́ṣà wò. Kó sì yọ irin ètùtù wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é. Nínú àgbá, ọ̀pá magnesium kan wà tí wọ́n fi síbẹ̀ kí omi máa jẹ ẹ́, kó má baà jẹ irin àgbá. Ọ̀mọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Humphry Davy, ló fi ọgbọ́n yìí hàn ní 1824, nígbà tó ń wá ohun tí yóò dáàbò bo bàbà tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ ojú omi. Bí ọ̀pá yìí bá tán tí a kò fi òmíràn rọ́pò, àgbá ló kàn. Ọ̀pọ̀ àgbá tí ìdí rẹ̀ dá lu tí a jù sórí ààtàn, irin ètùtù rẹ̀ ló ti tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó.

OHUN TÍ ẸLÒMÍRÀN YÓÒ SỌ

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, owó dà?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ní oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí 225 náírà lórí yúnìtì kan, híítà lítà 50 tó gbóná lẹ́ẹ̀kan láti 20°C dé 60°C ń jẹ ju 500 náírà lọ. Ẹni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ fi owó oníṣẹ́ kún un. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń pè ní ìfowópamọ́. A sá fún owó fáàfù, a ra híítà tuntun. A sá fún owó oníṣẹ́ kan ṣoṣo, a ra èlímẹ́ǹtì mẹ́ta, thermostat méjì. Ẹgbẹ́ yìí kan náà la ti ń rí owó aṣọ àjọ̀dún san ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tí kò sẹ́ni tó béèrè pé owó dà.

Ẹlòmíràn á ní, "Púlọ́ńbà gan-an kò mọ̀ ọ́n." Èyí ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé òótọ́ ni. Ọmọ tó bá ọ̀gá gbé báàgì fún oṣù mẹ́ta ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Kò ka ìwé tó bá híítà wá nínú páálí, á ní kí ẹ jù ú nù. Púlọ́ńbà ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà, rẹ́wáyà ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà, àwa náà ń yan ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Àìmọ̀ tiwọn kò wá sọ àìmọ̀ tiwa di ọgbọ́n. Ẹ bi ẹni tó bá wá sílé yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni fáàfù ààbò wà? Níbo ni ẹ́ẹ̀tì ti wọlẹ̀? Ìgbà wo la pààrọ̀ ọ̀pá magnesium? Ẹni tó bá ń wo òrùlé, ẹ fún un ní owó ọkọ̀, kó máa lọ. Fún iṣẹ́ iná, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NEMSA ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí àbùkù nínú kí a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yín hàn wá."

Ẹnì kẹta á ní, "Ilé onílé ni mo wà." Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù inú ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ pọ̀ nínú wa, ẹ sì ń gba owó ilé ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́lé, ẹ fi táìsì dídán sí balùwẹ̀, ẹ so híítà mọ́ ògiri kí owó ilé lè gòkè, ẹ ò ri ẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Nígbà tí ayálégbé bá ké, ẹ ní, "Tún un ṣe fúnra rẹ." Híítà tí ẹ fi ń gba owó, ẹ̀yin lẹ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ èrè oko kò lè ní òun kò mọ ti ìroko.

HÍÍTÀ GÁÀSÌ

Nítorí àìsí iná, àwọn kan ti ń ra híítà gáàsì, èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ sínú balùwẹ̀ tó há, tí wíńdò rẹ̀ kéré, tí òtútù sì mú kí a tì í pa, ó ń pe ikú wọlé. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ènìyàn, ojú á ṣú u, á rọra sùn, kò ní jí mọ́. Ìta ni kí ẹ gbé e kọ́ sí, tàbí kí páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde sí ìta gbangba wà lára rẹ̀. Gbígbé e kọ́ yìí, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.

OHUN TÍ MO Ń FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ń pe ẹ̀yin olóyè àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí ẹ gbé nǹkan mẹ́rin yẹ̀ wò ní ìpàdé àpapọ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ tí a ti dán wò, púlọ́ńbà lọ́tọ̀, rẹ́wáyà lọ́tọ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá mọṣẹ́, ìbáà ṣe Bẹ̀róm, Haúsá tàbí Ìgbò, ni ká kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi fáàfù dídí gba owó lọ́wọ́ wa, ká pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ẹ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú oṣù Kẹwàá, kí ọyẹ́ tó wọlé, kí oníṣẹ́ gidi kan gbé híítà tó ti kú wá sí gbọ̀ngàn wa, kó là á sí méjì níwájú gbogbo wa. Kí àwọn ọ̀dọ́ rí ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, kí wọ́n rí ọ̀pá tó ti jẹ tán. Ohun tí ojú bá rí, ẹnu kì í gbàgbé rẹ̀.

Ẹ rán mẹ́ta sí mẹ́rin nínú àwọn ọmọ wa tó wà nílé láìníṣẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí tán, kí ẹgbẹ́ san owó ìkọ́ṣẹ́. Ìlú tó tutù bí èyí kò ní ṣaláìnílò wọn láé.

Kí gbogbo lándílọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ dúró níwájú àwa tó kù, kó sọ pé ẹ́ẹ̀tì wà ní ilé òun àti pé fáàfù ààbò wà lábẹ́ gbogbo híítà òun. Ẹni tí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kó lọ tún un ṣe kó tó gba owó ilé mìíràn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun yìí, mo ti sọ ọ́ lẹ́nu tán báyìí. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù wọ balùwẹ̀ rẹ̀, kó wo abẹ́ híítà. Bí ó bá rí rọ́bà, èèkàn igi tàbí pọ́lọ́ọ̀gì níbi tó yẹ kí omi ti máa kán, kó pa iná rẹ̀ níbi bíréékà, kó sì fi í sílẹ̀ ní pípa títí tí oníṣẹ́ yóò fi dé. Kí a fi omi orí ààrò wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Olódùmarè kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àjọ̀dún ọlọ́dọọdún, gbogbo wa la ó máa ṣe é, tọmọdé tàgbà. Àṣẹ.